Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Ọ̀já

Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá wo iṣẹ́ òun kí òun tó fi yíǹkì kàn án. Mo lọ. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀, n kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹni tó bá ní kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun, mo máa ń dá a lóhùn.

Bí mo ti ń ti ilẹ̀kùn ilé mi lọ́jọ́ náà, mo rántí pé kò sí ẹni tó máa bínú pé mo tì í. Ìyàwó mi kì í fẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán. Ó ní àwọn ìwà mìíràn tí mo bá a jà lé lórí títí ó fi kú. Ó máa ń ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó máa ń bá rédíò jiyàn. Bó bá ń wọlé láti òde, ì báà jẹ́ òun nìkan, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "A wá o." Mo máa ń sọ fún un pé ẹni tó bá ń wọ ilé ara rẹ̀, "mo dé" ni í wí, pé àlejò ló ń wá, onílé a máa dé, pé ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe "a". Á ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà." Lọ́jọ́ kejì, á tún wí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ti dákẹ́ báyìí. Ilé náà dákẹ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ẹnu ọ̀nà ló pọ̀ jù.

Yàrá iṣẹ́ ọmọ mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, òórùn yíǹkì sì máa ń pàdé ènìyàn ní agbedeméjì rẹ̀. Ó ta okùn láti ògiri dé ògiri bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ, ṣùgbọ́n bébà ló ń sá síbẹ̀. N kò tètè lóye iṣẹ́ náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Á gbẹ́ àwòrán sára pákó pẹlẹbẹ, á yí rólà onírọ́bà nínú yíǹkì, á fi kun ojú pákó náà, á tẹ́ bébà lé e, á sì máa fi ìdí ṣíbí onígi ra ẹ̀yìn bébà títí àwòrán yóò fi mú. Ibi tó bá gbẹ́ kúrò á funfun, ibi tó bá fi sílẹ̀ á dúdú.

Lára pákó tó wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, mo rí gèètì irin àti imú lọ́rì kan. Mo rí àwọn obìnrin tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú lọ́rì náà, tí wọ́n na ẹsẹ̀ bí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Olúkúlùkù so ọ̀já mọ́ iwájú orí. Ẹni tó wà láàárín fi ọwọ́ kan tẹlẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ fún tí kò tíì gbà á gbọ́.

"Ìyá rẹ nìyẹn," mo wí.

"Àwọn ni. Ṣé ó jọ wọ́n?"

"Ó jọ ọ́." Mo wo ibòmíràn.

Ó jẹ́ kí n wo ibòmíràn fún ìwọ̀n ìgbà tó yẹ, lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ojú ọ̀já ìyá rẹ̀. Kò tíì fi irin kàn án. "Ibí yìí ló kù. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ tí mo máa gbẹ́ síbẹ̀."

"Kí lo tún ń dúró dè? ÀWA ni. Mo ti sọ fún ọ."

Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. "Màmá Onífèrè ní kì í ṣe ÀWA. Wọ́n ní A WÁ ni."

Mo dìde kúrò lórí ìjókòó. Kí ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí lè mọ ohun tó gbé mi dìde, ó yẹ kí n sọ ọ́ láti ìdí.

Ilé iṣẹ́ ìṣáná ni ìyàwó mi ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ló ń to ìṣáná sínú páálí. Wọ́n pọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wọn láti ìta kí ẹnikẹ́ni má baà jáde kí àsìkò tó tó. Lọ́jọ́ kan, iná sọ lórí tábìlì. Wọ́n lu ilẹ̀kùn, wọ́n pariwo. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun. Aṣọ ara wọn ni wọ́n bọ́ tí wọ́n fi pa iná náà. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n apá obìnrin kan jóná dé ìgúnpá. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, gbogbo wọn jáde, wọ́n ní àwọn kò ní padà wọlé àyàfi bí ilé iṣẹ́ bá ṣèlérí pé wọn kò ní tì í mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn ọkùnrin tó ń la igi bá wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ dá wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ tiwọn, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn obìnrin wá jókòó sẹ́nu gèètì kí lọ́rì má baà rí ọ̀nà kó ìṣáná jáde. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbé lásípíkà sẹ́nu, ó ní kí olórí wọn dìde, ó fẹ́ mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ lé. Kò sí ẹni tó dìde. Ó ní, "Ta ni olórí yín?" Wọ́n ní, "Àwa ni." Ó tún bi wọ́n. Wọ́n ní, "Àwa ni."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀já. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ omi, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, èmi ni mo sì ń gbé ọmọ ní ọ̀sán tí ìyá rẹ̀ bá wà ní gèètì. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ọkọ ẹnikẹ́ni má yọjú síbẹ̀, torí bí ọlọ́pàá bá ti rí ọkùnrin láàárín wọn, ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí. Mo gbọ́ràn.

Sálúbàtà mi kan wà tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù. Ìyàwó mi gé àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, rọ́bà tó nípọn dáadáa. Mo fi bírò kọ ọ̀rọ̀ náà sára rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá: ÀWA. Mo fi àmì ohùn sí i. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ni mo máa ń fi àmì sí, títí dé ohun tí mo bá kọ sára ìgò oògùn, mo sì máa ń fi pẹ́ẹ́nì pupa tún ti ẹlòmíràn ṣe, ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sọ mí ní Bàbá Alámì. N kò kọ̀ ọ́. Ó fi abẹ gbẹ́ rọ́bà náà títí lẹ́tà fi yọ síta, ó ní kí n wò ó. Mo ní kí ó jẹ́ kí àmì orí A àkọ́kọ́ hàn sí i. Ó tún un ṣe. Ọmọ ń sùn lórí itan mi. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan jáde tí èmi àti ìyàwó mi fi ọwọ́ ara wa jọ ṣe, rọ́bà yẹn ni.

Èmi lọ síbi iṣẹ́, òun gbé rọ́bà lọ sílé Ìyá Onífèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń to ìṣáná. Ibẹ̀ ni wọ́n ti po pólíìṣì bàtà mọ́ kẹrosíìnì tí wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sára àwọn ọ̀já funfun. N kò fojú kan ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀já náà rí. Ẹnu gèètì nìkan ni wọ́n ti ń so ó, nítorí àwọn amí ilé iṣẹ́ wà lójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìyá Onífèrè á kó gbogbo rẹ̀ sínú korobá, á kó aṣọ ìdọ̀tí lé e lórí, á rù ú lọ sílé lọ fọ̀. Fèrè tó máa ń fọn bí lọ́rì bá ti fẹ́ mira ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Wọ́n borí. Wọn kò ti ilẹ̀kùn náà mọ́ títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí, fọ́tò àwọn ọkùnrin oníkóòtù ló wà lára ògiri. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tuntun, tí ìyá tirẹ̀ náà to ìṣáná rí, ló ní kí ọmọ mi ṣe àwòrán àwọn obìnrin yẹn kí a gbé e kọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò wọn. Ohun tí àwa tó kù bá sọ ni yóò wà lára ògiri náà nígbà tí a kò bá sí mọ́. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi gbẹ́. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.

"Kí ni ń jẹ́ A WÁ?" mo bi ọmọ mi. "Wọ́n wá síbo? Ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n?"

"Bàbá mi, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"Má gbẹ́ nǹkan kan síbẹ̀ títí n ó fi padà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra bá Màmá náà sọ̀rọ̀ o."

Mo ní n kì í bá ènìyàn pariwo. Ó ní òun mọ̀, pé ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù.

Mo bá Ìyá Onífèrè lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń lẹ aṣọ, abẹ́rẹ́ wà ní ọwọ́ kan, òwú wà ní ọwọ́ kejì, àwọn méjèèjì kò sì tíì pàdé.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Alámì. Mo ti ń retí yín. Ẹ bá mi fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ yìí ná kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀."

Mo fi òwú sí i. "Ìjà kọ́ ni mo bá wá."

"Ẹ sọ fún ojú yín, kò tíì gbọ́."

"Ìyá Onífèrè, kí ló wà lára ọ̀já yẹn?"

"A WÁ."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ta ló mọ̀ ọ́n jù nínú wa?"

"Bóyá ojú ti ń dùn yín nígbà náà."

"Nígbà náà kẹ̀? Mo lè ka nọ́ńbà lọ́rì kí awakọ̀ tó jókòó sínú rẹ̀. Ìsinsìnyí ni ojú ń dùn mí, tí mo fi wá di ẹni tó ń bẹ onípẹ́ẹ́nì pupa pé kó fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún mi."

N kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe rọ́bà tí ìyàwó mi gbẹ́ lẹ fi tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Òun náà ni. A ò ní òmíràn."

"Ta ló wá yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà?"

Ìbéèrè yìí pa á lẹ́rìn-ín. Kò dún, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì ní láti gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀ kó má baà gún ara rẹ̀. Inú bí mi. Ó nu ojú.

"Ẹ máà bínú, ọkọ ọ̀rẹ́ mi. Níbo ni rọ́bà náà wà?"

"Nínú àpótí ìyàwó mi."

"Ẹ ti ṣí àpótí náà?"

Mo mú òwú tó ṣẹ́ kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa. Ọjọ́ tí ẹ bá lè ṣí i, ẹ mú rọ́bà yẹn lọ bá ọmọ yín. Ẹ má mú un wá sọ́dọ̀ mi, torí mo ti búra fún ẹnì kan pé n kò ní sọ. Ẹni tó lè tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra náà sì ti lọ síbi tí fèrè mi ò lè dé."

Mo padà sílé. Kì í ṣe ìgboyà ló jẹ́ kí n ṣí àpótí náà. Agídí ni. Mo fẹ́ mú ẹ̀rí jáde.

Ìyàwó mi kì í ti àpótí náà. Lẹ́yìn iná ilé iṣẹ́ yẹn, kì í fẹ́ràn ohunkóhun tó bá ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo tì í, lọ́jọ́ tí àwọn tó bá wa kẹ́dùn lọ tán, tí mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo mú un wàyí, ó há díẹ̀ kó tó yí.

Aṣọ ló wà lókè, ó ká wọn bó ṣe máa ń ká wọn, mẹ́rinmẹ́rin. Awò ìkàwé rẹ̀ tó fi òwú so ní apá kan wà níbẹ̀. Ààbọ̀ ọṣẹ kan wà tó fi ìwé ìròyìn dì, òórùn ọṣẹ náà sì ti wọ gbogbo aṣọ. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú ọṣẹ sáàárín aṣọ. Mo ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí láti ìgbà èwe mi, n kò sì mọ ìdí tí òórùn aṣọ rẹ̀ fi máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀.

Rọ́bà náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ọ̀rá. Mo tú u. Ó ti le díẹ̀, pólíìṣì àtijọ́ sì ti gbẹ sí kọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó yí padà lára rẹ̀. ÀWA. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí A àkọ́kọ́, ó hàn kedere, bí mo ṣe ní kó ṣe é. Mo fi í sínú àpò. N kò ti àpótí náà padà.

Mo gbé rọ́bà náà síwájú ọmọ mi bí agbẹjọ́rò tó mọ̀ pé òun ti jàre. "Kà á."

"ÀWA," ó wí.

"Ó tán. Mú irin rẹ, kí o gbẹ́ ẹ."

Kò mú irin. Ó gbé rọ́bà náà lọ sídìí fèrèsé, ó yí i síbí, ó sì yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ rí bí ti ìyá rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Bàbá mi, ẹ ò sọ fún mi pé rọ́bà ni wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó."

"Ẹ má dìde nígbà náà."

Ó da yíǹkì díẹ̀ sórí gíláàsì, ó yí rólà nínú rẹ̀ títí ó fi ń dún bí ohun tó ń lẹ̀ tó ń ṣí. Ó fi kun ojú rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ́ bébà funfun kékeré kan lé e, ó fi ìdí ṣíbí ra á, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ó di etí bébà mú, ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lójú ọmọ tó ń sùn, ó sì gbé e síwájú mi.

Àmì kò sí lórí A àkọ́kọ́. Orí A ìkẹyìn ló wà, ó sì dojú kọ òkè. AWÁ.

Mo wo rọ́bà. Mo wo bébà. Mo tún wo rọ́bà. Mo mú bébà náà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.

"Ohun tí a bá gbẹ́ máa ń yí padà lórí bébà," ọmọ mi wí, jẹ́jẹ́. "Bí ìgbà tí ẹ dúró níwájú díńgí ni, ọ̀tún á di òsì. Tó bá jẹ́ pé ILẸ̀KÙN ni wọ́n gbẹ́, gbogbo ènìyàn ni ì bá rí i pé ó ti dojú rú. Ṣùgbọ́n A bára mu lọ́tùn-ún lósì. W náà bára mu. Ọ̀rọ̀ yín kà bákan náà síwájú àti sẹ́yìn. Àmì tí ẹ fi sí i nìkan ló mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì."

"Ìyẹn ni pé Onífèrè jàre."

"Ẹ̀yin náà jàre. Rọ́bà ń sọ tirẹ̀, ọ̀já ń sọ tirẹ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín pátápátá. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Bàbá mi. Mo ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rí, mo ti gbàgbé lẹ́tà rí. Àṣìṣe tó dùn tó báyìí, n kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí."

Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Onífèrè. Màmá náà gun àtẹ̀gùn tóóró yẹn pẹ̀lú ìráhùn lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bá eékún rẹ̀ wí. Nígbà tó wọlé tó rí bébà lórí okùn, ó jókòó láìkí ẹnikẹ́ni.

"Òun nìyẹn," ó wí. "Ó dà bí pé àná ni."

"Ẹ ti kúrò nínú ìbúra," mo sọ fún un. "Ẹ sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ? A tẹ ọ̀já àkọ́kọ́, a gbé e sókè. Obìnrin kan wà láàárín wa tó ti ṣe olùkọ́ kékeré rí. Ó kà á síta: 'A wá.' Ìyàwó yín ní rárá, ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà. 'A wá.' Ọ̀rẹ́ mi wo rọ́bà, ó wo aṣọ, bí ẹ ṣe ń wò ó lónìí yìí gẹ́lẹ́, mo mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú yín. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò gbẹ́ òmíràn?"

"Mo ní kí a gbẹ́ òmíràn. Ó ní kí n dúró ná. Ṣé ẹ rántí ohun tí ọ̀gá sọ nínú lásípíkà kó tó wọlé lọ lọ́jọ́ náà? Ẹ ò lè rántí, ẹ ò sí níbẹ̀. Ó ní òun mọ obìnrin, pé bó bá di ọ̀la kò ní sí ọ̀kan nínú wa tó máa wá." Ó na ọwọ́ sí bébà náà. "Ìyàwó yín ní ìdáhùn rẹ̀ rè é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọ̀gá yẹn jáde, iwájú orí wa ló ti kà á. Kò tún lo lásípíkà mọ́ láti ọjọ́ náà."

Ọmọ mi ti mú pẹ́ńsù, kò kọ nǹkan kan, ó kàn dì í mú.

"Mo ní, 'Ọkọ rẹ ńkọ́? Ó máa bínú pé a ba àmì òun jẹ́.' Ó ní, 'Àmì rẹ̀ náà ló ṣe é. Ká ní kò fi àmì síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá kàn jókòó síbẹ̀ ni.' Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sọ fún yín, torí ẹ máa gbé pẹ́ẹ́nì pupa wá sí gèètì, ọlọ́pàá á sì rí ọkùnrin lù. Ó ní òun fúnra òun ni òun máa máa sọ ọ́ fún yín."

"Kò sọ ọ́ fún mi."

"Kò sọ ọ́?" Ó wò mí. "Bàbá Alámì, kí ni í máa ń wí bó bá ń wọlé?"

Mo lọ sídìí fèrèsé. Nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ti dojú kẹ̀kẹ́ kan dé, ó ń fi ọwọ́ yí táyà rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ń yí geere. Mo bá a wò ó títí ó fi dúró.

"Mo máa ń tún un ṣe fún un," mo wí.

"Ó máa ń sọ fún wa," ni Ìyá Onífèrè wí. "Ọjọ́ tí ẹ bá tún un ṣe dáadáa ni inú rẹ̀ máa ń dùn jù."

Ọmọ mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na pẹ́ńsù sí mi. Ó ní, "Ẹ wá kọ ọ́, Bàbá mi. Lójú ọ̀já wọn. Èmi á gbẹ́ ẹ."

"Kí n kọ èwo?"

"Èyí tí ẹ kọ níjọ́sí náà ni."

Mo kọ ÀWA sójú ọ̀já ìyàwó mi, ní lẹ́tà tó dúró dáadáa. Ọwọ́ mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n mo fi àmì sí i, mo sì jẹ́ kí àmì náà hàn. Ìyá Onífèrè na ọrùn láti ibi tó jókòó, ó ní kí n má gbàgbé pé òun náà wà nínú àwòrán yẹn, pé ọ̀já tòun kò gbọdọ̀ ṣófo. Mo kọ tirẹ̀. Mo kọ ti gbogbo wọn. Ọmọ mi tẹ irin sí lẹ́tà àkọ́kọ́, èérún igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, bébà tó ní A WÁ ni yóò lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, èmi ni mo ni pákó tó ní ÀWA. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti kan ìṣó sára ògiri, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí a máa tẹ̀ ẹ́, mo gun àtẹ̀gùn yẹn lówùúrọ̀. Òórùn yíǹkì pàdé mi níbi tó ti máa ń pàdé mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọmọ mi kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń yí rólà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ni.

"A wá o," mo wí.

Rólà dúró. Kò yíjú padà lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí.

"Ẹ" lèèyàn máa ń fi kí bàbá ẹni, ẹni méjì náà lèèyàn sì máa ń kí bẹ́ẹ̀. N kò béèrè èwo ló ń wí. Mo bọ́ kóòtù mi, mo ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì mú ṣíbí.